Graphics card tó ń pariwo: irú fáànù wo ló bá ooru àti eruku Òkè-Ògùn mu?

Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe àtúntò fídíò ìgbéyàwó ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn á mọ ariwo tá à ń wí yìí. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò náà jáde, kò sì ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí àpótí tí gbogbo èèyàn ń pè ní CPU á ti máa hu bí ẹ̀rọ ìlọta. Bí ariwo yẹn ṣe ń lọ sókè ni iṣẹ́ náà ń falẹ̀. Oníbàárà ń dúró, bátìrì sólà ń lọ sílẹ̀, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù sì ti gbé fáànù tábìlì kọjú sí àpótí náà.

Graphics card inú àpótí ló ń ké bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, òun ló ń ran àwọn tó ń ṣe fídíò, àwọn ayàwòrán ilé, àwọn ọmọ Poli tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti àwọn ọmọ tó ń gbá géèmù lọ́wọ́. Owó tí wọ́n fi ń rà á kì í ṣe owó kékeré, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé orúkọ àti iye mẹ́mórì rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sanwó. Wọn kì í wo irú irin àti fáànù tí wọ́n dè mọ́ ọn lórí. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Káàdì méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọ̀kan máa ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, kí èkejì máa ké títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ka àyẹ̀wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbàgbé. Púpọ̀ nínú àyẹ̀wò wọ̀nyẹn, inú yàrá tó tutù, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 sí 25°C lọ, ni wọ́n ti ṣe é. Káàdì tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa pariwo lábẹ́ páánù ní Òkèhò. Ìdí nìyí tí àlàyé yìí fi tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ: bí ooru ṣe ń kúrò lára káàdì, irú fáànù tó wà, èyí tó dákẹ́, èyí tó gba overclock, àti èyí tó yẹ ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi tiwa.

IBI TÍ OORU TI Ń WÁ

Ọpọlọ kékeré kan wà láàárín káàdì náà tí wọ́n ń pè ní GPU. Iná tí káàdì bá jẹ, bóyá ló fi ku nǹkan kan tí kò ní di ooru. Tó bá jẹ iná 170 wáàtì, ooru 170 wáàtì ló máa tú sínú yàrá. Ká fojú gílóòbù àtijọ́ wò ó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gílóòbù 100 wáàtì méjì tó ń tàn nínú àpótí kékeré.

Iye tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń jẹ kì í ṣe bákan náà. GTX 1650 tó jáde lọ́dún 2019 ń jẹ 75 wáàtì. RTX 3060 ti ọdún 2021 ń jẹ 170. RTX 4060 ti ọdún 2023 ń jẹ 115. GTX 1080 Ti ti ọdún 2017 ń jẹ 250. RTX 4090 ti ọdún 2022 ń jẹ 450, RTX 5090 tó jáde lọ́dún 2025 sì ń jẹ 575 wáàtì. Ẹ ó rí i pé tuntun kọ́ ló ń túmọ̀ sí ooru púpọ̀. RTX 4060 tuntun ju RTX 3060 lọ, síbẹ̀ iná tó ń jẹ kéré sí tirẹ̀.

Ooru yìí ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ìpara kan tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní paste wà láàárín GPU àti irin tó jókòó lé e. Ooru á gba inú paste bọ́ sínú bàbà, láti inú bàbà á wọ àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, láti inú páìpù á tàn dé ara àwọn ewé alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ tí wọ́n tò jọ bí ojú ewé ìwé. Fáànù á wá fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín àwọn ewé yẹn, á sì gbé ooru lọ. Omi díẹ̀ ló wà nínú páìpù bàbà náà. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ìkòkò tí wọ́n dé mọ́rí: níbi tó gbóná, omi á di oru, á sá lọ síbi tó tutù, á di omi padà, á tún ṣàn wálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa yí po láì dúró.

Tí ọ̀nà yìí bá dí níbì kankan, yálà paste ti gbẹ, tàbí eruku ti dí àárín ewé, tàbí fáànù ti ń rọ, ooru á padà sórí GPU. Nígbà náà, káàdì á kọ́kọ́ mú kí fáànù sáré sí i. Bí ìyẹn kò bá tó, á dín eré tirẹ̀ kù kó má bàa jóná. Ìyẹn ló fà á tí ariwo àti ìfàsẹ́yìn fi máa ń dé pa pọ̀.

KÍ NI OVERCLOCK?

Overclock ni kí èèyàn mú káàdì sáré ju bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe tò ó lọ. Ó ṣeé ṣe, sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ bíi MSI Afterburner sì wà fún un. Ṣùgbọ́n ó ní iye tó ń gbà. Tí eré GPU bá lọ sókè, iná tó ń jẹ ń lọ sókè bákan náà. Àmọ́ kí eré yẹn lè dúró, ó sábà máa ń gba pé kí fóòtì tí GPU ń lò náà lọ sókè, fóòtì yìí ló sì léwu: tó bá lé díẹ̀, iná tó ń jẹ á lé ní ìlọ́po díẹ̀ náà lọ́nà méjì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Tí èèyàn bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún eré, tó tún fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún fóòtì, iná tí GPU ń jẹ á lọ sókè tó nǹkan bí mẹ́rìndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún. Èrè márùn-ún, ìnáwó mẹ́rìndínlógún. Lódìkejì, tí eré bá wà bó ṣe wà, tí èèyàn dín fóòtì kù ní mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí ni wọ́n ń pè ní undervolt, a ó padà sórí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé káàdì òde òní ti ń ṣe overclock fúnra rẹ̀. Láti ọdún 2012 tí NVIDIA ti gbé GTX 680 jáde pẹ̀lú ètò tó pè ní GPU Boost, káàdì ń wo iná àti ooru rẹ̀, tí àyè bá wà á fi kún eré, tí ooru bá ti ń le á yọ díẹ̀ kúrò. Nítorí náà, irin àti fáànù tó dára ti jẹ́ overclock fúnra rẹ̀. Ẹni tí káàdì rẹ̀ tutù ń gba eré tí kò sanwó fún. Ẹni tí tirẹ̀ ń gbóná ń pàdánù eré tó ti sanwó fún.

BÍ ETÍ ṢE Ń GBỌ́ FÁÀNÙ

Dẹ́síbẹ́lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Kì í ṣe bí a ṣe ń ro owó la ṣe ń ro ó. Fáànù méjì tó ń pariwo bákan náà kì í pariwo ní ìlọ́po méjì: dẹ́síbẹ́lì 3 péré ni èkejì fi kún un. Bí mẹ́ta bá wà, àfikún rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5 lọ. Kí etí tó gbọ́ ariwo kan bí ìlọ́po méjì òmíràn, ó máa ń gba nǹkan bí dẹ́síbẹ́lì 10.

Eré fáànù ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Tí fáànù kan bá dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì, ariwo rẹ̀ á bọ́ sílẹ̀ tó nǹkan bí dẹ́síbẹ́lì 15, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ á sì dín sí ìdajì. Ẹ wá wò ó: fáànù mẹ́ta irú kan náà tó ń sáré ní ìdajì eré ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó tó ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti fáànù kan ṣoṣo tó ń sáré tán pátápátá, bẹ́ẹ̀ ariwo rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ ní dẹ́síbẹ́lì bíi 10. Afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i, etí gbọ́ ariwo bí ìdajì. Ọgbọ́n tó wà nídìí àwọn káàdì oní-fáànù mẹ́ta nìyẹn, kì í ṣe fún ẹwà.

Ariwo kan tún wà tí kì í ṣe ti fáànù. Ó tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn, ó sì ń jáde látara àwọn ẹ̀yà iná orí káàdì nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Wọ́n ń pè é ní coil whine. Fífọ káàdì tàbí pípààrọ̀ fáànù kò lè mú un lọ. Dídín iná tí káàdì ń jẹ kù lè dín in kù.

IRÚ FÁÀNÙ MÁRÙN-ÚN TÓ WÀ

1. Blower. Kì í ṣe blower tí ẹnjiníà fi ń fẹ́ eruku là ń sọ. Káàdì yìí ní fáànù kan ṣoṣo tó rí bí kẹ̀kẹ́ kékeré ní ìparí rẹ̀, wọ́n sì fi ike bo gbogbo ìyókù pa. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹwìrì alágbẹ̀dẹ: ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń tì í gba ẹnu ọ̀nà kan jáde lẹ́yìn àpótí. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ooru kì í dúró nínú àpótí. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń lò ó nínú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n to káàdì púpọ̀ jọ sí, àti nínú àpótí tóóró tí kò ní fáànù míì.

Ìṣòro rẹ̀ ni ariwo. Fáànù kan kékeré ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ sáré gan-an. Ìtàn rẹ̀ kún fún àròyé. Lọ́dún 2003, GeForce FX 5800 Ultra ti NVIDIA pariwo débi pé àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Dustbuster, orúkọ ẹ̀rọ ìfa-eruku kékeré kan. NVIDIA fúnra rẹ̀ ṣe fídíò ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n ti fi káàdì náà fẹ́ ewé ilẹ̀. Lọ́dún 2013, Radeon R9 290X ti AMD wá pẹ̀lú blower tó jẹ́ kí káàdì náà máa ṣiṣẹ́ ní 95°C. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ láti yan bóyá kó dákẹ́ tàbí kó sáré, nítorí kò lè ṣe méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ overclock kó má ṣe mú blower.

2. Fáànù gbangba. Èyí ló pọ̀ jù lọ́jà báyìí: fáànù kan, méjì tàbí mẹ́ta tó kọjú sí irin, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lù ú tààrà. NVIDIA tó ti fẹ́ràn blower fún ọ̀pọ̀ ọdún fúnra rẹ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ fún fáànù méjì nígbà tí RTX 2080 jáde lọ́dún 2018. Irú èyí ló dákẹ́ jù láàárín àwọn tí owó wọn kò gara, òun náà ló sì gba overclock dáadáa, àgàgà tí irin rẹ̀ bá nípọn.

Àmọ́ inú àpótí ló ń tú ooru rẹ̀ sí. Tí àpótí kò bá ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé níwájú àti ibi tó ń gbà jáde lẹ́yìn, káàdì á máa fa ooru ara rẹ̀ mu. Oní-fáànù kan kékeré náà wà nínú ìdílé yìí, ó sì dára fún káàdì 75 wáàtì. Tí wọ́n bá fi irú rẹ̀ sórí káàdì 170 wáàtì, ariwo ló máa jẹ́ èrè rẹ̀.

3. Afẹ́fẹ́ àgbàkọjá. Lọ́dún 2020, NVIDIA gbé RTX 3080 jáde pẹ̀lú ìlànà kan tí fáànù kan ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ la irin kọjá sí òdìkejì, nítorí pátákó káàdì náà kò gùn dé ibẹ̀. Lọ́dún 2025, RTX 5090 ti ilé iṣẹ́ náà lo ọ̀nà yìí fún fáànù méjèèjì, ó sì fi káàdì tí kò nípọn púpọ̀ gbé 575 wáàtì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oní-fáànù mẹ́ta ti tẹ̀ lé e báyìí: ẹ yẹ ẹ̀yìn káàdì wò, tí ẹ bá rí ihò gbàgede tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ní ìparí rẹ̀, òun nìyẹn. Ó ń ran fáànù lọ́wọ́ láti má ṣe sáré jù.

4. Aláìní fáànù. Àwọn káàdì kan wà tí kò ní fáànù rárá, irin ńlá nìkan ni. Palit ti ṣe GTX 1650 irú rẹ̀, KalmX ni wọ́n pè é. Kì í pariwo, kò sì ní fáànù tó máa rọ. Ó bá ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ mu gan-an. Ṣùgbọ́n àpótí gbọ́dọ̀ ní fáànù tirẹ̀ tó ń rọra fẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ overclock níbẹ̀.

5. Olómi. Omi ń gba orí GPU kọjá, ó ń gbé ooru lọ sínú rédíétọ̀ bíi ti mọ́tò, fáànù á wá fẹ́ rédíétọ̀ náà. AMD ta Radeon R9 295X2 lọ́dún 2014 pẹ̀lú omi tó ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, nítorí GPU méjì ló wà lórí káàdì kan, tó ń jẹ 500 wáàtì. Fún àwọn tó ń lépa overclock, olómi ló ń fàyè sílẹ̀ jù. Àmọ́ ẹ rántí pé omi kò lè tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Ẹ̀rọ tó ń ti omi náà lè kú, omi lè jò, ìgbà tó bá sì kú, Èkó ni wọ́n á ti máa wá irú rẹ̀.

OHUN TÍ OORU WA Ń ṢE SÍ ÌṢIRÒ

Gbogbo irú fáànù wọ̀nyí ní òfin kan tó dè wọ́n: kò sí èyí tó ń sọ káàdì di tútù ju yàrá lọ. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń pinnu iye tí káàdì á fi gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀. Ká ní àyẹ̀wò òkè òkun sọ pé káàdì kan wà ní 72°C nínú yàrá 22°C. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó fi 50 gbóná ju yàrá lọ. Ẹ gbé káàdì kan náà, iṣẹ́ kan náà, eré fáànù kan náà, wá sínú ṣọ́ọ̀bù tó wà ní 37°C lọ́sàn-án oṣù kẹta. Ó ti di 87°C.

Fún ọ̀pọ̀ káàdì, ìyẹn ti kọjá ibi tí wọ́n ń fẹ́. Àwọn káàdì GTX 10 ti NVIDIA, bí àpẹẹrẹ, ń gbìyànjú láti dúró ní 83°C. Kí káàdì má bàa kọjá ibẹ̀, fáànù á sáré sí i, eré GPU á sì dín kù. Ohun tí olùṣàyẹ̀wò pè ní "ó dákẹ́" ti di ariwo, ohun tó pè ní "ó sáré" ti falẹ̀. Kò parọ́ o. Yàrá rẹ̀ ló yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí ẹni tó ń rajà fún Òkè-Ògùn fi gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí 15 kún ìwọ̀n ooru tó bá kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí àròpọ̀ rẹ̀ bá ti lé ní 83, kó wá èyí tí irin rẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí káàdì tí kì í jẹ iná púpọ̀.

ERUKU ỌYẸ́

Nígbà ọyẹ́, òwúrọ̀ máa ń tutù, èèyàn sì lè rò pé kọ̀ǹpútà ti bọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń ti aginjù Sàhárà wá máa ń gbé eruku kíkúnná tó ń wọ ibi gbogbo, tó fi mọ́ àárín ewé alumíníọ̀mù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá mú ní oṣù kejì àti ìkẹta, káàdì tí eruku ti dí ló máa fi kojú ooru tó le jù lọ́dún. Ìgbà tó dára jù láti fọ káàdì ni ìparí ọyẹ́, kí ooru tó dé.

Blower kì í fẹ́ kí eruku wọ inú rẹ̀ rárá, nítorí inú ike tó bò ó ni eruku ń kó jọ sí, èèyàn ò ní rí i títí tí wọ́n á fi tú u. Fáànù gbangba ń kó eruku púpọ̀, àmọ́ ojú ń rí i, búrọ́ọ̀ṣì sì ń dé ibẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́:

– Ẹ pa iná, ẹ yọ wáyà, ẹ gbé àpótí lọ síta.
– Ẹ fi ọwọ́ di fáànù mú kó má yí nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ ẹ. Tí afẹ́fẹ́ bá ń yí i ní àyíjù, ìdí rẹ̀ á bàjẹ́, ó sì lè ti iná padà sínú káàdì.
– Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ wọn máa ń ní omi àti epo nínú.
– Ẹ má fi pẹtiróòlù tàbí omi nù ún. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ti tó.
– Tí ó bá ti lo ọdún mélòó kan tó ṣì ń gbóná lẹ́yìn fífọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tó mọ̀ ọ́n pààrọ̀ paste rẹ̀.

Ẹ má gbé àpótí sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń gbà wọlé. Èéfín yẹn ní epo nínú, tó bá pàdé eruku lára irin, búrọ́ọ̀ṣì ò ní ran án mọ́.

DÍN INÁ KÙ KÍ O TÓ FI KÚN UN

Ẹni tó fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá oyin wà níbẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá 37°C, overclock kì í sábà ní oyin. Káàdì á sáré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru á dé, á sì padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀, ariwo nìkan ló máa ṣẹ́kù.

Undervolt ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú. Èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n ṣí MSI Afterburner, kí wọ́n fa power limit láti 100 wá sí 80, kí wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún iná á kúrò, àmọ́ eré tó máa bọ́ kì í tó bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó lo AMD ní irú rẹ̀ nínú sọ́fúwíà Adrenalin. Kò sí ewu nínú rẹ̀ fún káàdì. Tí ohun kan bá fẹ́ ṣe ségesège, kí wọ́n dá a padà sí 100.

Ẹ wo ohun tó túmọ̀ sí fún oní-sólà. Ká ní wọ́n fi undervolt dín káàdì 250 wáàtì kù sí 200. Àádọ́ta wáàtì ló kúrò. Láàárín wákàtí 8, 400 wáàtì-wákàtí nìyẹn. Bátìrì 12 fóòtì tó jẹ́ 200 Ah ń gba 2,400, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀, ìyẹn 1,200, ni wọ́n máa ń gba èèyàn níyànjú láti lò kó má bàa tètè kú. Ìdá mẹ́ta iná tó ṣeé lò nínú bátìrì kan ni wọ́n rí gbà padà láìra ohunkóhun. Fáànù á sì dákẹ́ sí i, nítorí ooru tí kò sí kì í nílò ẹni tó máa lé e jáde.

Tó bá jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ ló ń hó níwájú ṣọ́ọ̀bù, ta ni yóò gbọ́ ariwo káàdì? Àmọ́ ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀, yálà ìpolówó, ìwàásù tàbí orin, máíkì rẹ̀ ń gbọ́ ohun gbogbo. Ní yàrá tó ń lo sólà, fáànù káàdì ló sábà máa ń kù tó ń pariwo. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó ṣètò fáànù káàdì kó má máa ga, kó má máa rọlẹ̀ lójijì. Ariwo kan tó dúró sójú kan rọrùn láti yọ kúrò nínú ohùn ju èyí tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ.

TÓKÙNBỌ̀ ŃKỌ́?

Púpọ̀ nínú káàdì tó ń dé Òkè-Ògùn ti ṣiṣẹ́ níbòmíì kó tó gba Computer Village ní Ìkẹjà wá. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum pa ìlànà tí wọ́n fi ń fi graphics card wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tì. Àwọn tó ti to káàdì jọ fún iṣẹ́ yẹn kò níṣẹ́ fún wọn mọ́, wọ́n sì ń tà wọ́n. Káàdì tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kò fi dandan bàjẹ́, GPU rẹ̀ lè dá ṣáká. Fáànù àti paste ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka yí fáànù kọ̀ọ̀kan: ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́, kó má mì, kó má dún gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó le fún ìṣẹ́jú 15, kì í ṣe ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa wo ooru rẹ̀ lójú HWiNFO tàbí GPU-Z, kí ẹ sì máa fetí sí i. Tí ooru bá ń gun òkè láì dúró, tàbí tí fáànù bá ti ń ké tán pátápátá nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ mọ̀ pé ní Ṣakí, á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

ÈWO LÓ YẸ TA?

– Ẹni tó ní àpótí ọ́fíìsì tóóró, bíi Dell tàbí HP tókùnbọ̀: káàdì 75 wáàtì oní-fáànù kan, tí kò nílò wáyà iná lọ́tọ̀. Kó má ṣe overclock.
– Ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí àwòrán nínú ṣọ́ọ̀bù: fáànù gbangba méjì, káàdì tí kò ju 115 sí 170 wáàtì lọ, àpótí tó ní ihò níwájú àti fáànù lẹ́yìn. Kó ṣe undervolt.
– Ẹni tó ń gba ohùn: aláìní fáànù, tàbí oní-fáànù méjì tó máa ń dúró pátá nígbà tí iṣẹ́ kò bá pọ̀.
– Ẹni tó ní ilé géèmù: oní-fáànù mẹ́ta tí irin rẹ̀ nípọn. Kó wọn gígùn àpótí rẹ̀ kó tó rà á, nítorí kì í wọ gbogbo àpótí.
– Ẹni tó fẹ́ overclock lóòótọ́: oní-fáànù mẹ́ta tàbí olómi, nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Láìsí amúlétutù, kó dúró de òwúrọ̀ ọyẹ́.
– Blower: àpótí tí káàdì ju ẹyọ kan lọ wà nínú rẹ̀, tàbí tí kò sí ọ̀nà míì tí ooru lè gbà jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ariwo kò dà láàmú.

Tí àpótí yín bá ti ń hu báyìí, ẹ má tíì sáré lọ ra káàdì tuntun. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fa power limit wálẹ̀ sí 80, kí ẹ ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wò ó bóyá owó ṣì kàn án.